Abẹ Kan fún Gbogbo Ilé

Ìkòkò ọbẹ̀ ni Jọọlá kọ́kọ́ fọ́. Ìdí àáké ló fi gbá a, gbàmù! Ọbẹ̀ gba àárín pákó ilẹ̀ ilé ṣàn lọ sínú omi, ẹja ìsàlẹ̀ wá ń lá ọbẹ̀ ẹja. Lẹ́yìn ìkòkò, ó kan àwo. Lẹ́yìn àwo, ó kan àpótí tí Moríkẹ́ fi ń jókòó yan ẹja. Ó wá ku Moríkẹ́ fúnra rẹ̀, oyún oṣù méje níwájú rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé àáké bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ ṣàánú mi. Kí ni mo ṣe?"

"Ó tún ń bi mí! Màmá, ẹ gbọ́, ó ń bi mí!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Jọọlá. Láti ìgbà tí omi ti gbé bàbá wọn lọ, òun ni olórí agbo ilé kékeré yìí lẹ́bàá Ugbonla, níbi tí gbogbo ilé dúró lórí òpó, tí afárá pákó so wọ́n pọ̀ bí okùn ṣe ń so ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu lọ. Bó bá wúkọ́, pẹ́pẹ́yẹ a bọ́ sómi.

Fẹ̀hìntọlá, ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìgò oògùn kan sókè bí ẹni di orí ejò mú. Inú ìkòkò púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, ló ti bá a, níbi tí Moríkẹ́ rì í mọ́.

"Irú ìgò yìí ni mo rí lórí ẹní Adétutù kó tó kú. Oògùn éèdì ni! Mo bi Olúwadáre ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó wọ bóòtù lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òun mọ́ tónítóní. Ìyàwó, ibo lo ti gbé tìrẹ wá?"

Adétutù tí wọ́n ń wí yìí, aládùúgbò wọn ni; ó rí i pé ara òun ti le, ó bá da oògùn nù. Dídà tó dà á nù ló pa á, kì í ṣe ìgò. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bi?

Moríkẹ́ kò níbì kankan tó gbé e wá ju ilé ọkọ lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé rẹ̀. Oyún ló gbé lọ sílé ìtọ́jú aláboyún, Nọ́ọ̀sì Rúùtù gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì sọ ohun tó rí fún un. Moríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ibà kò ṣe é, kò rù, kò ṣu gbuuru, ẹnu rẹ̀ kò ní egbò. Àìsàn tí kò dun aláìsàn, irú èwo nìyẹn?

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Rúùtù wí. "Kòkòrò yìí á lúgọ sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa jẹ sójà ara díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí sójà bá tán ni ibà tí kì í lọ, ìgbẹ́ gbuuru àti rírù máa ń dé. Ìbálòpọ̀ láìsí rọ́bà ló ń gbé e ràn, àti ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, àti ìyá sí ọmọ: nínú oyún, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ọmú. Kò sí nínú àwo, kò sí nínú omi ìwẹ̀, kò sí nínú ìdìmọ́ra. Wọ́n ń pè é ní kògbóògùn, irọ́ ni. Kì í lọ tán, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn. Máa lò ó lójoojúmọ́, má fo ọjọ́ kan, ọmọ rẹ á mọ́."

Ọmọ rẹ á mọ́. Ohun tí Moríkẹ́ gbé relé nìyẹn. Ó ń fi í kọrin nídìí ààrò ẹja:

*Oògùn mi, má jẹ̀ẹ́ n gbàgbé rẹ,*
*Ọmọ inú mi, rán mi létí o;*
*Bí oòrùn bá yọ, màá gbé ọ mì,*
*Kí ọmọ mi lè yọ bí oòrùn.*

Wàyí o, ìgò orin yẹn ló ń fò lọ lójú rẹ̀ yìí. Fẹ̀hìntọlá sọ ọ́ sómi, tàbúù!

"Ó ku gbẹ́rẹ́," ni Jọọlá wí.

Ní agbo ilé yìí, bí àìsàn burúkú bá wọlé, olórí ilé ni í sín gbogbo ẹbí ní gbẹ́rẹ́. Ara aláìsàn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àìsàn lè mọ ọ̀nà àbájáde. Abẹ kan náà ni wọ́n sì ń lò dé orí ọmọ tó kéré jù, torí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kan ni àwọn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀ abẹ, ó ti ya ara rẹ̀ kúrò lẹ́bí.

Láti òwúrọ̀ ni Jọọlá ti tú pákó afárá tó lọ sí èbúté, kí ìyàwó má baà sá wọ ọkọ̀. Afárá tó kù kò lọ síbòmíràn ju ilé tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ́ Moríkẹ́ gbà. Àwọn ọmọ ilé ti tò. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ Jọọlá, ló wà níwájú, ó ti bọ́ èjìká sílẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Fẹ̀hìntọlá di apá Moríkẹ́ mú sẹ́yìn. Jọọlá fa abẹ fẹ́lẹ́ yọ. Fẹ́ẹ́! Fẹ́ẹ́! Fẹ́ẹ́! Kì í ṣe gbẹ́rẹ́ mọ́, ìbínú ló ń kọ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ ya wá láti èjìká, ó dé ìgbáròkó. Moríkẹ́ kò ké. Ó di eyín, ó ní kó ṣe é kó tán, kí òun lè wá oògùn òun lọ.

Jọọlá kò tilẹ̀ nu abẹ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mú èjìká wá."

Ìgbà tí Moríkẹ́ rí abẹ pupa yẹn lókè èjìká ọmọdé ni ọ̀rọ̀ Rúùtù kọ lù ú láyà: ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwo tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, wọ́n fọ́ ọ; èyí tó lè ṣe wọ́n, wọ́n tò sídìí rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ dúró! Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára abẹ! Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sá fún lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín gbìn sára ọmọ yín!"

"Pa ẹnu burúkú yẹn dé!"

"Mi ò pa á dé!"

Ó fi ìpàkọ́ kan Fẹ̀hìntọlá nímú, màmá tú u sílẹ̀. Àjẹ̀ ọkọ̀ kan fara ti ògiri. Moríkẹ́ já a gbà, ó fi gbá Jọọlá lápá, gbòlà! Abẹ kò bọ́. Jọọlá yí padà, ó gbá a létí, ó taari rẹ̀, Moríkẹ́ fìdí lélẹ̀, gbì! Ọmọ inú rẹ̀ ta pútú. Ó dìde. Ó tún fi àjẹ̀ gbá a lórúnkún. Jọọlá wó lé e, àwọn ọmọ fọ́n ká, àwọn méjèèjì ń yí lórí pákó. Moríkẹ́ fi ọwọ́ méjì di ọrùn ọwọ́ tó mú abẹ, ó là á mọ́lẹ̀, ó tún là á mọ́lẹ̀. Jọọlá lóun ò ní fi sílẹ̀. Ó di abẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ gírígírí, abẹ bá wọ ẹran.

Ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Abẹ bọ́, Moríkẹ́ sì fi àjẹ̀ gbá abẹ náà wọ omi.

Jọọlá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo èjìká Moríkẹ́, ó tún wo àtẹ́lẹwọ́.

"Mo kú o," ló wí.

Fẹ̀hìntọlá sáré wá pẹ̀lú imú ẹlẹ́jẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde!"

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Moríkẹ́ jágbe. "Ẹ da omi sí i, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Ọkàn kan ní kó dákẹ́, kó fìdí kalẹ̀ wo ọkùnrin yìí bí ẹ̀rù ṣe máa jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n Ọmọ́lẹ́wà ti wá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èjìká rẹ̀ mọ́ róró. Bàbá ọmọ ni bàbá ọmọ.

"Bùọ̀dá, oògùn kan wà, Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi. Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí bá kàn, tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá, kòkòrò kì í sábà ráyè wọlé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Èmi ń lọ gba oògùn mi tí màmá jù sómi. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?"

"Ọ̀nà èbúté dà?"

"Ta ló tú pákó?"

Jọọlá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ gbé e mì dé àyà. Ó gbé ọwọ́ tó fara gbọgbẹ́ sókè, ó ń wọ́ lọ gbé ọkọ̀ wá. Moríkẹ́ jókòó sórí pákó, ara rẹ̀ ń ta á, etí rẹ̀ ń hó, síbẹ̀ orin bọ́ sí i lẹ́nu:

*Ẹni tú afárá, ẹrẹ̀ ń kí ọ o,*
*Ẹni tú afárá, máa rọra;*
*Pákó tí o ṣí nítorí tèmi,*
*Ìwọ lo kọ́kọ́ wá a tì.*

Fẹ̀hìntọlá ló wa ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ imú gbẹ mọ́ ọn létè. Títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sílé ìtọ́jú, àjẹ̀ rẹ̀ kò sinmi. Ta ni wọ́n bá lórí bẹ́ǹṣì? Olúwadáre, ẹni tó lóun lọ síbi iṣẹ́ bóòtù kọ́ńpìnì epo. Ìgò oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ìyá èyí tó wà nísàlẹ̀ omi.

"Bùọ̀dá! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ìwọ ńkọ́, onímímọ́ tónítóní?"

Moríkẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbájú kan, gbàú! Kí ó tó gbé ìkejì, Jọọlá ti fi ọwọ́ òsì fa àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, ó ń lù ú mọ́ ògiri, bẹ́ǹṣì dànù, àwọn aláboyún ń sá.

"Tìtorí rẹ ni mo ṣe fẹ́ pa ìyàwó rẹ! Tìtorí rẹ ni mo ṣe fẹ́ pa ọmọ mi!"

"Ẹ̀ṣẹ́ yín yìí náà ni mo sá fún!" Olúwadáre ń ké. "Bí mo bá wí i, ṣé ẹ máa kí mi kú oríire?"

Nọ́ọ̀sì Rúùtù da korobá omi lé wọn lórí bí ẹni ń tú ajá tó ń jà ká. "Ẹ̀yin ọkùnrin òṣì, ẹ jókòó!"

Wọ́n jókòó, omi ń kán lára wọn. Rúùtù wẹ ojú ọgbẹ́ Moríkẹ́, ó dì í, ó gbọ́ ìró ọkàn ọmọ inú: ó ń lù kìkì, kìkì. Ó kó oògùn mìíràn lé e lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí Jọọlá.

"Oògùn Moríkẹ́ ti tẹ kòkòrò inú rẹ̀ lórí ba, ewu yín kéré. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Ẹ máa lo èyí fún oṣù kan gbáko, kẹ́ ẹ padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

Oògùn náà ń mú èébì gbé Jọọlá. Ó ń bì, ó ń kan pákó: òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kan to afárá padà, ìṣó lẹ́nu, ìyá rẹ̀ ń bá a di pákó mú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kòkòrò kò sí níbẹ̀, ó bọ́.

Ilé ìtọ́jú ni Moríkẹ́ bí sí. Wọ́n ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu láti ọjọ́ tó dáyé, ìyá ò sì fo tirẹ̀. Àyẹ̀wò ń tẹ̀ lé àyẹ̀wò, títí dé èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó já lẹ́nu ọmú. Ọmọ mọ́! Fẹ̀hìntọlá gbé e jó lórí afárá, pákó ń dún gbàgà gbàgà.

Olúwadáre ń gbé oògùn tirẹ̀ mì lójú gbogbo ayé báyìí. Moríkẹ́ kò tíì dárí jì í tán. Èjìká rẹ̀ ṣì ní àpá, ó sì gbé àjẹ̀ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí Jọọlá bá fẹ́ wọlé wá kí ọmọ, á dúró lórí afárá, á kọ́kọ́ wúkọ́, á dúró kí wọ́n ní kó máa bọ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé náà ń wẹ̀ nísàlẹ̀, Ọmọ́lẹ́wà ló ṣáájú, èjìká gbogbo wọn ń dán nínú omi, kò sí gbẹ́rẹ́ lára ẹnì kan.