Ìjókòó Méjì Tó Ṣófo ní Ìlà Kẹta

Wọ́n á lé e. Dandan ni. Ẹni tó ni ìjókòó yẹn á wọlé láìpẹ́, á na tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú, á ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, tèmi ni — ojú gbogbo gbọ̀ngàn á sì yí sí ìyàwó mi. Mo sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ la fi wọlé, mo ní, ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í tún máa ṣa èyí tó wù ú. Ó wò mí. Ó ní, "Àwa la ṣe àwọn ìjókòó yìí, baálé mi. Ta ló fẹ́ lé mi lórí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde.

Ó sì lọ lóòótọ́. Ìlà kẹta láti iwájú! Ìlà kọkànlá ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì wa, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ká ní ìlà kan ló fi sún síwájú, tàbí méjì... mi ò ní sọ nǹkan kan. Òfin wà fún nǹkan yìí, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri. Ọmọbìnrin tó ń mú èèyàn lọ síbi ìjókòó ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí ìran kìn-ín-ní parí ná, ó ní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọjá. Ẹ má tẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má fò lọ síbi tó dáa jù bí ẹni pé wọ́n ń retí yín níbẹ̀. Ìlà mẹ́jọ! Ta ní ń sún ìlà mẹ́jọ?

Orí ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ ló fà á. Orí ńlá, lórí ọrùn gígùn. Kò rí nǹkan kan lórí ìtàgé àfi etí méjì. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Èmi náà ì bá ti ní wá síbí, jẹ́ ká pààrọ̀... mi ò sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé kí n gbé ìdí kúrò níbì kan síbòmíràn, iṣẹ́ ni. Igba ìjókòó ó lé mẹ́wàá la tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi nídìí fóòmù àti ìṣó, òun nídìí máṣíìnì, ọ̀gá gbọ̀ngàn wá fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì ká fi wo eré ọ̀sán. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Nínú gbogbo ìjókòó yẹn, ọ̀kan tó ń dún ni wọ́n fi mí sí. Mo mí, kẹ́ẹ́. Mo wúkọ́, kẹ́ẹ́. Ta ló ṣe é? Èmi náà ni.

Nígbà tó débẹ̀, ó yíjú padà. Ó fọwọ́ gbá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ — ìyẹn náà ṣófo, méjèèjì ló ṣófo — ó fojú pè mí. Mo mirí. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé mò ń ṣọ́ ìjókòó wa. Mò ń ṣọ́ ọ! Ìjókòó tó ń ké bí eku, lẹ́yìn orí ńlá. Ta ló fẹ́ jí i gbé? Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ibi tó pè mí sí, ó kọjú síwájú.

Inú báàgì yẹn ni lẹ́tà wà.

Má ronú lórí lẹ́tà. Wo eré. Wọ́n ń...

Ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n sọ? Mi ò gbọ́, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Èjìká rẹ̀ ń mì. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ sí i létí, wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọra rí o! Ìgbà wo ló rẹ́rìn-ín báyìí nílé gbẹ̀yìn? Kí àbíkẹ́yìn wa tó kó lọ sílé ọkọ. Àwa méjì la kù. "Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ti jẹun. "Ṣé ẹ ti paná?" Mo ti pa á. Ọ̀rọ̀ tán.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ló kọ lẹ́tà náà. Wọ́n fẹ́ kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ aránṣọ. Iṣẹ́ náà bá a mu. Adití ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, láti kékeré ni ìyàwó mi ti ń bá a fọwọ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ìrìn odidi ọjọ́ kan, ibẹ̀ ni á máa gbé, á máa wálé nígbà ìsinmi. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì. Láàárọ̀ yìí, ó ń lọ aṣọ, kò gbójú sókè. "Kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo ní, "Jẹ́ ká tibi eré dé ná." Bí ẹni pé àwọn òṣèré ló máa bá mi dáhùn.

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Mo mọ̀! Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Tọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ọmọbìnrin yẹn ló ṣíwájú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn méjì. Ìjókòó méjì. Wọ́n kọjá lára mi. Ìlà kẹsàn-án. Ìkeje. Ìkarùn-ún... wọn ò dúró. Ẹ máa lọ. Ẹ máa lọ, ó kù díẹ̀, ìlà kẹta ni, obìnrin tó gbé báàgì sórí ìjókòó yín nìyẹn, ẹ —

Kí ni mò ń sọ?

Tọ́ọ̀ṣì yà sí ìlà kẹrin. Wọ́n jókòó. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó yẹ kọ́kàn mi balẹ̀. Ó yẹ kí n mí kanlẹ̀, kí n ní Ọlọ́run ṣeun, ojú ò tì í. Ohun tó ń ṣe mí kọ́ nìyẹn. Ó dùn mí. Ó dùn mí dọ́kàn pé wọn ò lé e.

Dúró ná... mo mọ nǹkan yìí. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó kọ́kọ́ wáṣẹ́ síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà kọ̀wé sí i pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ó gbórí lé máṣíìnì, ó ń sunkún. Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Má sunkún mọ́, Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀." Omijé rẹ̀ rin èjìká aṣọ mi gbingbin. Inú mi sì ń dùn. Inú mi ń dùn! Wọ́n máa ń ní inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi pa tèmi mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ òfin ìjókòó kọ́. Mò ń wá ẹlòmíràn tó máa bá mi dá a padà, kó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, kí n na ọwọ́ méjèèjì, kí n máa ṣe ọkọ rere. Mi ò ní láti sọ pé má lọ. Mi ò sọ ọ́ rí. Ẹlòmíràn ló máa ń bá mi sọ ọ́.

Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ti bọ́ bàtà — mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń jókòó tó bá ti bọ́ bàtà. Ara tù ú.

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá lé e mọ́. Ó ku èmi.