Àgbàdo Tó Bu

"Ẹ wò ó fúnra yín." Dókítà ẹran fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó là sórí pákó. "Ìfun tó dáa kì í pupa báyìí, kì í sì í wú báyìí. Oúnjẹ tó ti bu ló ń jẹ."

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe obìnrin tó ni ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ náà, ò wo ìfun yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ ẹ̀ ló ń wò. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà ló ti kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mẹ́rìnlá ló kù, gbogbo wọn ló sì ń yàgbẹ́ olómi.

"Bàbá ọmọ mi, àgbàdo tí òjò pa, tí mo ní kẹ́ ẹ lọ dànù, ṣé ẹ dà á nù?"

"Odindi àpò mẹ́rin? Mo sá a sóòrùn, mo fẹ́ ẹ, gbogbo ebu ẹ̀ lọ. Mo wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Ta ló lè dá a mọ̀?"

"Ìfun wọn dá a mọ̀!"

"Oòrùn lè pa ebu o," ni dókítà wí, "àmọ́ májèlé tó ti tú sínú àgbàdo ò ní kúrò. Ẹ kó o kúrò lọ́pọ́n báyìí báyìí. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ tó dáa àti omi tó mọ́. Ìfun àwọn kan á ṣì san."

Àbí irú ìwà wo nìyí? Ẹni tí kì í fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ wá jókòó, ó gbọ́n ọgbọ́n tó pa ẹran ẹlẹ́ran! Obìnrin náà ń da ọpọ́n nù, ó ń ṣépè. Ìgbà tó dé ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ sí, àpò òfìfo méjì péré ló rí.

"Méjì tó kù dà?"

Ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò òfìfo méjèèjì.

"Mo ní méjì tó kù dà?"

"Mo gbé e fún Màmá. Fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tiwọn."

Háà! Ìyá ọkọ ẹ̀, tó fún un ní abo ẹlẹ́dẹ̀ tó kọ́kọ́ sìn! Ó yọ fóònù, ó pe ìyá náà, ó ti fóònù bọ ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́..."

Ohùn ìyá arúgbó ti ń jáde ketekete: "Ọmọ mi, o ṣeun, o ṣeun o! Àwọn ẹran yìí fẹ́ràn àgbàdo ẹ gan-an ni!"

Ọkọ wo ìyàwó ẹ̀. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà, kò sì yà fún un.