Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Lórúkọ Lórí Pápá

…àbí kí n kúkú sọ fún un pé n kò ṣe? Kí n dìde nísinsìnyí, kí n tú bàtà, kí n ní Kóòṣì, ẹ ṣeun, mo ti rí ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹ́ kí n wá gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn. Irọ́. N kò tíì rí. Ṣùgbọ́n màá rí. Ṣé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè ní arúgbó?

Bẹ́ńṣì yìí le. Láti ìgbà tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí, n kò mọ̀ pé bẹ́ńṣì wọn le tó báyìí. Wándé ló wà nípò mi. Wándé! Ọmọ tí mo lè bí ká ní mo tètè gbéyàwó. Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré káàkiri níwájú àwọ̀n wa, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí… Háà, Àdìó, má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbá a wọlé, eré sì ti fẹ́ parí. Ó ń gbìyànjú. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Kóòṣì jókòó tì mí, ó ká apá mọ́yà. Kò wò mí. Láti àná tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò tún un sọ. Ní ilé rẹ̀ ní Bódìjà ni, ó ń bó ẹ̀pà sọ́wọ́ mi bí ẹni ń bó o fún ọmọ. "Àdìó, èyí tó o gbá tó. Wá bá mi kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Bí eré ọ̀la bá parí, fún mi lésì." Èyí tó o gbá tó! Ta ló bi í?

Kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí ò ṣe mí níbi rí. Hámíṣì Gírántì, ará Sikọ́tíláńdì, tí gbogbo Dùgbẹ̀ ń pè ní Àjàgbé. Ará Ìbàdàn kì í ṣàdédé fún òyìnbó lóríkì o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wa ṣeré ni wọ́n fún un. Irun rẹ̀ ti funfun, ó dúró síwájú Akínbíyìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Kò nà sílẹ̀ láti fẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, kò tì í, ó kàn ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó, títí Akínbíyìí fi gbé bọ́ọ̀lù lé e lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo èrò hó. "Ẹni tó bá ti nà sílẹ̀ ti relé," ló wí fún wa. Àṣé ìdúró náà iṣẹ́ ni! Mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù tipẹ́ kí òyìnbó tó wá fi hàn mí.

Ìlú tí òjò kì í dá ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń wa èédú nínú ilẹ̀. Òun náà ì bá máa wà á, bọ́ọ̀lù ló yọ ọ́. Ẹ̀yìn ló ṣọ́ láti kékeré títí irun fi ń hewú. Imú rẹ̀ dá lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ́ dòní, kò sì torí ẹ̀ kúrò lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá góòlù wọlé láyé rẹ̀, ilé ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ló sì gbá a sí. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín! Èmi ì bá gbé e pamọ́ títí wọ sàréè. Nígbà tí àwọn sójà ní kí gbogbo ayé máa tò síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, òun náà tò ní Dùgbẹ̀. "Òyìnbó, ẹ bọ́ síwájú." Ó ní rárá, ẹ̀yìn lòun máa ń wà. Irú ènìyàn wo nìyí?

Ohun kan ló ṣe tó bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹ̀bi Wándé ni… tàbí ẹ̀bi ilé tó ti wá. Ó rí i pé ọkùnrin kan ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi, ó fẹ́ kìlọ̀ fún mi, ó ń wá bí yóò ṣe fọ̀wọ̀ pè mí. Kí ó tó pe "bọ̀dá Àdìó, ẹ jọ̀wọ́" tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Kóòṣì ní ó parí. "Lórí pápá, kò sí bọ̀dá, kò sí ọ̀gá. Orúkọ nìkan." Láti ọjọ́ náà ni ọmọ àná ti ń jágbe mọ́ mi, "Àdìó! Sún! Àdìó, ẹ̀yìn ẹ!" Lójú gbogbo ayé. Sẹ̀gilọlá ìyàwó mi ní, "Ṣé ọmọ yẹn ń bú yín ni?" Bí mo bá gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní Agbowó, àwọn ará àdúgbò á ní, "Àdìó, sún!"

Mo fi ẹjọ́ sùn. Kóòṣì gbọ́ mi tán. "Èmi náà, nígbà tí mo ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, Hámíṣì ni àwọn ọmọdé ń pè mí. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn pè mí ní Ọ̀gá lórí pápá, mo lọ wá kóòtù òtútù mi wọ̀." Mo rò pé ṣe ló bínú lọ sílé. Mo ní òyìnbó yìí ò kúkú mọ iyì ara rẹ̀.

Dúró ná. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn… Ó ń yọ́ lọ sẹ́yìn Wándé. Wándé ò rí i. Bọ́ọ̀lù ni Wándé ń wò. Bí n bá dákẹ́, yóò wọlé. Gbogbo èrò á ní, Àdìó dà? Níbo ni wọ́n gbé Àdìó sí? Bí n bá sáà ti dákẹ́… Àgbà kì í wà lọ́jà… ẹ gbé òwe yẹn jìnnà sí mi! Ta ló sọ mí di àgbà? Màá dákẹ́. Màá…

"Wándé! Èjìká òsì ẹ!"

Ta ló pariwo yẹn? Èmi ni. Mo ti wà lórí ìdúró. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó sún, ó fò, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù náà síta. Ẹ wo ọmọ! Inú mi ń dùn. Olúwa, inú mi ń dùn, n kò sì fẹ́ kó dùn.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó yíjú sí bẹ́ńṣì, ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, bọ̀dá Àdìó!"

Bọ̀dá.

Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá dé, ó sì bà mí bí omi tútù. Kò sí bọ̀dá lórí pápá. Ìta ni bọ̀dá ń wà. Orúkọ tí wọ́n ń jágbe yẹn, oyè ni. Oyè ni mo wà lórí rẹ̀ tí mo ń bínú, tí mo ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Kóòtù… Kì í ṣe inú ló bí i nígbà náà. Ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́ yìí. Ẹni tí kò sáré mọ́, òtútù ń mú un, ó sì lọ wá nǹkan bora, ó padà wá jókòó síbi tí wọn yóò ti máa gbóhùn rẹ̀. Ó ṣe é láìpariwo. Àjàgbé! Wọn ò ṣì ọ́ pè.

Kò tíì wò mí síbẹ̀. Ó kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, àyè mi wá fẹ̀ sí i. Mo padà jókòó. Bí rẹfirí bá fun fèrè, màá fún un lésì. Ó mọ ohun tí màá wí.

Ọyẹ́ yìí mà ń mú o. Níbo ni mo fi súwẹ́tà mi sí ná?