Búrẹ́dì Dókítà Ermek

Abẹ́rẹ́ penisilíìnì ló pa Sayragül, ìyàwó mi, nílé ìwòsàn kan ní ìlú Naryn. Kọ̀ǹpútà ti kìlọ̀ pé ara rẹ̀ kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹnì kan pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Mo gba àkọsílẹ̀ ẹni tó pa á rẹ́ lórí ìwé. Orúkọ Dókítà Ermek ló wà níbẹ̀.

Ó gbé búrẹ́dì wá sílé mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo pa á rẹ́. Nọ́ọ̀sì ni. Páásíwọ́ọ̀dù mi ni gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà."

"Ta ló fún wọn?"

"Èmi ni. Ìkìlọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, ó ń dí wa lọ́wọ́."

"Sayragül ò dí yín lọ́wọ́ mọ́."

Ó tẹrí ba. Ó bu búrẹ́dì náà, ó nà án sí mi. "Ẹ kàn tọ́ ọ wò, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yẹn dé kóòtù, ayé mi bà jẹ́ nìyẹn."

Nílẹ̀ wa, a kì í kọ búrẹ́dì, ọ̀tá ìbáà gbé e wá. Èmi kọ̀ ọ́.

"Gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì rẹ."

Mo ká ìwé náà sápò, mo sì gba ọ̀nà kóòtù lọ.