Ríbọ́ọ̀nù Tó Kọ Gígé

Nígbà tí ọmọ-ọmọ Ìyá Aránṣọ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa ṣe irun, ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n máa gé lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló ní kí ìyá àgbà bá òun wá. Ìyá rà á, ó nà án wò, ojú rẹ̀ kò gbà á. Ríbọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ahọ́n alángbá. Ó fi aṣọ líle tí wọ́n ń fi sínú kọ́là tẹ́ ẹ nínú, ó fi ẹ̀rọ rán an lọ, ó rán an bọ̀.

"Ohun ọmọ mi kì í já," ló ń wí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi ìṣó kan ríbọ́ọ̀nù mọ́ òpó ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn oníbàárà dúró, irun wọn rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ gbé àlùmọ́gàjí, ó gé e. Kò gé. Ó tún un gé. Ríbọ́ọ̀nù kàn ká mọ́ àlùmọ́gàjí lẹ́nu ni.

"Ta ló rán nǹkan yìí?" Òógùn ti bo ọ̀gá.

"Èmi ni, ẹ má bínú," Ìyá dáhùn. "Mo rò pé ẹ fẹ́ fi fa mọ́tò ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ-ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà ti gbé báàgì rẹ̀, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù onírun tó wà ní òdìkejì títì.

"Màmá àgbà, wọ́n ti ń lọ o," ọmọ-ọmọ náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi ti lé sójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá láyà. Ta ló rán an ní àṣejù? Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irun, kó tẹ̀lé mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gba abẹ́ ríbọ́ọ̀nù wọlé. Orí kọjá, èjìká kọjá. Ó ku ìdí. Ìdí tó ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà ọmọge, ṣé kékeré ni? Ríbọ́ọ̀nù há mọ́ ọn pinpin.

"Màmá, ẹ padà sẹ́yìn," ni ọ̀gá wí.

"Ìdí yìí kì í fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ tì mí."

Ọ̀gá tì í. Ríbọ́ọ̀nù kò já. Ìṣó ló fò yọ, tòun ti ègé pákó. Ìyá sáré gìrìgìrì wọ ṣọ́ọ̀bù, ó yí po, ó sì bá ara rẹ̀ lórí àga oníbàárà, gbìì, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ẹ̀rín gba títì kan. Obìnrin oníbáàgì ló kọ́kọ́ wọlé.

"Tí wọ́n bá ti ṣe ti Màmá tán, èmi ló kàn."

Kí ọ̀gá tó gbá pákó kúrò nílẹ̀, kò sí àga tó ṣófo mọ́.

Ọmọ-ọmọ náà ti rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Ó kó irun funfun ìyá àgbà jọ, ó fi odindi ríbọ́ọ̀nù náà dì í.

"Ṣé kò fún yín jù?"

"Dì í le dáadáa," ni Ìyá wí. "Òun nìkan ló mọ ìwọ̀n mi."