Iyọ̀ Inú Àgbá

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn bílíìṣì, mo rò pé Ìyá mi ló ń fọ sùtánà. Ọjọ́ Sátidé ni, ó sì máa ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun báláú. Abẹ́ igi ọsàn nílé wa ní Àyèká ni mo jókòó sí, mò ń wo mítà iná tó wà lára bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Vincent, ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi ra àlòkù wáyà láti Ìlútítun, dúró tì mí.

"Injiníà," ó ní, "ilé yín ń rùn bí ọsibítù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Ìyá mi ló ń fọṣọ. Dákẹ́ kí n ronú."

Lórí mítà, iná tó ń wọ inú àgbá ti lọ sókè láti ogún sí ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú yàrá tí bàbá mi ń kó kòkó sí nígbà ayé rẹ̀ ni àgbá náà wà. Mo ti dáná sun wáyà, mo sì ti fi ásíìdì yọ́ kọ́pà ara rẹ̀, omi náà di búlúù. Iná ló ń fa kọ́pà jáde kúrò nínú omi, lọ sára páànù kan tí kì í dípẹtà. Òjé ni mo fi kojú páànù náà, torí ásíìdì kì í tètè jẹ ẹ́, atẹ́gùn lásán ló sì ń tú jáde lára rẹ̀. Bí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, iṣẹ́ máa ń yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kan àpò dí fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Àbí òjé yẹn ti bàjẹ́?" Vincent bi mí.

"Òjé ò yí padà. Bátìrì ò yí padà. Ooru ò yí padà. Omi yẹn ló yí padà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo wo okùn tí a ń sá aṣọ sí. Kò sí sùtánà kankan lórí rẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá kòkó. Bàtà Ìyá mi wà níbẹ̀, òun àti ọ̀rá iyọ̀ tó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́rú kí wọ́n gbàdúrà sí i fún iṣẹ́ mi. Ọ̀rá náà ti ṣófo.

Mo fò dìde. Bí iyọ̀ bá wọ inú omi yẹn, kì í ṣe atẹ́gùn ni òjé yóò máa tú jáde mọ́. Kílórínì ni, gáàsì tó ń rùn bí bílíìṣì, tó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń wá. Bí Ìyá mi bá sì ń gbàdúrà, ó máa ń fi iwájú orí kanlẹ̀.

Mo pè é. Kò dáhùn. Mo fa wáyà yọ lára bátìrì, mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó ti fi irin dè é láti inú, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lọ́wọ́ àdúrà.

"Fèrèsé," Vincent ní.

"Èmi ni mo dí i."

Ó fi àdá ya àpò náà. Mo rẹ ṣẹ́ẹ̀tì mi sínú garawa omi tó wà níta, mo fi bo imú, mo bẹ́ wọlé. Ojú mi ń ta mí bí ata. Mo rí aṣọ funfun nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Kò mira rárá. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì wọ́ ọ jáde.

Lábẹ́ igi ọsàn, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Vincent sáré lọ wá mọ́tò. Nígbà tí a kọjú sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, Ìyá mi gbórí lé mi léjìká.

"Ṣọlá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há, "mo bi ọ́ níjẹta pé kí ni ò gbọ́dọ̀ kan omi yẹn. O ní kò lè yé mi."

"Ẹ má bínú, Ìyá mi."

"Wàyí o, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí òjé. Mo ṣàlàyé páànù, mo ṣàlàyé ooru, mo ṣàlàyé iyọ̀. Ó ń mi orí, mo sì ń ka èémí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni n kò sọ fún un: pé ọṣẹ́ gáàsì yẹn lè fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí a tó mọ ohun tó ti ṣe.