Àlejò Tó Gba Ojú Sísán Wọlé

Fadérera ń rẹ́ ògiri nígbà tí ògiri náà ní kó rọra, pé ara ń ta òun. Mojírádé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti pa, ló ń po amọ̀ fún un. Kò ya Fadérera lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn pé ó rí i, ó sì ti sanra padà.

Ilé-ọmọ Mojírádé ni ilé náà. Àwọn bíríkìlà kéékèèké wà nísàlẹ̀ ògiri, wọ́n ń mọ ọ́n lọ sókè.

Fáírọ́ọ̀sì gba ojú sísán kan wọlé. Ó kéré ju ẹyin èèrà lọ, ó wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa.

"Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ògiri wí, bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

Nílé wọn, a kì í béèrè orúkọ àlejò kó tó mumi. Mojírádé bu omi fún un. Ó mu ún, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Ọmọlúàbí àlejò.

Ọmọ méjì jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan fa ọlọ́dẹ ilé náà lé àwọn tó ń kó pàǹtírí lọ́wọ́, wọ́n dà á nù. Ìkejì di ẹnu ẹni tó máa ń sọ fún àwọn bíríkìlà pé ó tó. Láti ìgbà náà, yàrá ń bí yàrá, kò sáàyè láti mí mọ́.

"Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n mọ́ mi nìyẹn," Mojírádé wí. Kò bínú.

Ó ṣílẹ̀kùn kan. Ilé Anjọlá, ọmọ Fadérera, ló wà níbẹ̀, àlejò kò tíì dé e. Ẹ̀rù ba Fadérera. Lọ́la ni àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ sílé-ìwé ọmọ náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ yẹn, òun ìyá rẹ̀ ló sì ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mojírádé mú ẹ̀wù orí ìṣó. Ẹ̀wù náà ń dá rìn, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

"Òfìfo ni, kò lè pani lára. Fi han àwọn ọlọ́dẹ ọmọ ẹ, kí wọ́n mọ bọ́tìnnì ẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó dé."

Àwọn ọlọ́dẹ wò ó láti òkè délẹ̀. Nígbà tí àlejò fúnra rẹ̀ dé, Fadérera ti bu omi, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọn ò jẹ́ kó gbé e fún un. Wọ́n ti àlejò síta. Mojírádé gba ife náà, ó mu omi náà tán.

Fadérera kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé gan-an."

"Mọ́mì, ta lẹ̀ ń kí?"

Anjọlá ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n wá bá wa ṣọ́lé. Súnmọ́ mi, a jọ ń lọ gba abẹ́rẹ́ ẹ ni."

Ó fi ọwọ́ tí amọ̀ ti gbẹ mọ́ bá ọmọ rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn.